Filò, Má Pa Ìròyìn Hawa Rẹ́

Filò ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi, ìwọ tó o lo oṣù mẹ́wàá nínú mi dípò mẹ́sàn-án nítorí pé ibẹ̀ gbóná, èmi ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Rozalí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé kàyé ilé-ìwé rẹ̀. Mo ti ní kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má fi Faransé tún un ṣe, kó má sì yọ ibi tí mo bá ti bú baba rẹ̀ kúrò. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ò ń rẹ́rìn-ín.

Ara wa le níhìn-ín. Orúnkún mi òsì ti kọ̀ mí sílẹ̀, ọ̀tún ṣì ń gbé mi dé mísà. Ewúrẹ́ jẹ gèlè tó o rà fún mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún wá dúró níwájú mi bí ẹni tó ń retí ìró tó bá a mu. Iṣu tuntun ti jáde, mo fi márùn-ún ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá. Bí o bá rí mẹ́rin, awakọ̀ ni kó o bi.

Mo ti ṣeré tán. Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ dáhùn.

O sunkún lórí tẹlifóònù pọ́tábù, mo ní kó o lọ sinmi, pé màá dá ọ lóhùn. O rò pé n kò rí nǹkan sọ ni. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń dà sí etí kan, kí kọnẹ́síọ̀n wá gé e sí méjì, kó o gbọ́ apá kan, kí apá kejì wà lọ́wọ́ mi. Èyí wà lórí ìwé. O lè kà á, kó o sunkún, kó o tún un kà.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí n mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa. O wà lápá Parakú lọ́hùn-ún, ò ń kọ́ àwọn ogunléndé bí wọ́n ṣe ń lo òdínátọ̀, ẹ̀rọ yẹn tí ẹ ń fi ìka tẹ̀ bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ, àti íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀. O kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Hawa. Nígbà tí wọ́n ń sá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Adamu, dúró ti màlúù baba rẹ̀ lẹ́yìn, ó ní òun á bá wọn. O bá Hawa ṣí àpótí lẹ́tà kan nínú ẹ̀rọ náà. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí lẹ́tà kan wọ inú àpótí yẹn láti ọ̀dọ̀ ará ilé wọn: Adamu ti kú, wọ́n ti sin ín. Ìwọ kà á. Hawa kò tíì lè kà á. Ojoojúmọ́ ló ń bi ọ́ pé, “Tántì, ṣé ọmọ mi ti kọ̀wé?” Ìwọ a ní kò sí kọnẹ́síọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa kọ́ bí olúkúlùkù ṣe ń ṣí àpótí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. O ní o lè fi ìka kan ṣoṣo pa lẹ́tà náà rẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé, pé kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀. O ní kí n gbà ọ́ níyànjú.

Má pa á rẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Ìdí náà gùn, kó o jókòó.

O mọ iṣẹ́ mi. Bí ẹnì kan bá kú lókèèrè, èmi ni wọ́n máa ń rán láti lọ túfọ̀ fún ẹni tó ni òkú. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ṣé o rántí ọjọ́ tí eyín ń dùn mí, tí mo lọ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Benuà? Mo wọlé láì rẹ́rìn-ín. Kí n tó la ẹnu, ó ti ju orógùn nù, ó gbá àyà mú.

“Ta ni? Ta ni nínú wọn?”

Mo ní, “Iyọ̀ ni.”

Ó ní, “Háà! Iyọ̀ ọmọ ta?”

Ó ti bẹ̀rẹ̀ igbe kí n tó rí ìka nà sí eyín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ìta kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọmọ ń sọ pé, “Màmá wa ò mọ ìbànújẹ́.” Ẹ̀rín mi, agogo ni. Ó ń sọ fún wọn pé lónìí, òkú kọ́ ló gbé mi wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí nǹkan kan nínú agogo náà.

Ohun tí n kò sọ fún ọ̀kankan nínú yín rí ni bí iṣẹ́ yìí ṣe di tèmi.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, n kò tíì bí ẹ̀gbọ́n rẹ àgbà. Ìlú kan tó jìnnà ń lé àwọn àjèjì jáde. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé wọn kọjá lójú títì wa, wọ́n há bí igi ìdáná. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Sẹ́tù lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ní kó máa lọ níwájú, pé òun máa kó ẹrù tó kù, kó dúró de òun níbi tí òkè bá ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyí. Ìyá ọkọ mi fún un ní yàrá kan.

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ ọkà lórí àpáta ẹ̀yìn ilé, nínú àwọn ihò tí o máa ń bu omi òjò sí ṣeré nígbà tó o wà lọ́mọdé. Ó ní ihò tèmi kò jìn, ihò ìyàwó ọ̀lẹ ni. Mo ní tirẹ̀ jìn nítorí pé inú rẹ̀ ló ń sùn. Báyẹn la ṣe ń bú ara wa, tí à ń rẹ́rìn-ín. N kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn nínú ilé yẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ta iṣu lọ́jà Glazué. Ọkùnrin kan dúró níwájú mi, eruku bò ó.

“Ará Ìdààṣà ni ẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ní obìnrin kan lọ́dọ̀ yín, Sẹ́tù?”

“Ó wà. Ilé kan náà là ń gbé.”

“Sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kú lọ́nà. Ibà ni. Àwa la sin ín.”

Ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun, òun ò lè yà. Ó ra iṣu méjì, ó lọ.

Nínú ọkọ̀ tó gbé mi bọ̀, mò ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n bí ọmọdé tó ń kọ́ àdúrà. Mo dé ẹ̀yìn ilé. Sẹ́tù wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi ihò rẹ̀, ó fi ọ̀já di ìbàdí, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun. Ó gbójú sókè.

“Ìyàwó ọlọ́jà, ojú rẹ ń dán! Kí lo gbọ́ lọ́jà?”

Filò, ojú mi kò dán. Òógùn ni. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé, “Wọ́n ní ó ń bọ̀.”

Sẹ́tù jó. Ó jó lórí àpáta yẹn títí ọkà fi dà nù. Ìyá ọkọ mi jáde, òun náà bá a jó. Wọ́n fà mí wọ̀ ọ́, èmi náà jó. A jó lórí òkú ọkọ rẹ̀, èmi nìkan ló mọ̀.

Mo ní lọ́la ni màá sọ ọ́. Nígbà tó di ọ̀la, ó ti fi ìgbẹ́ màlúù tún ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ṣe. Mo ní ọ̀túnla. Ọ̀túnla, ó ti ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bù ú, bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, á fún àwọn ọmọdé jẹ. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀ rí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó ní àìsàn ló máa dá a dúró lọ́nà, òun á lọ pàdé rẹ̀. Oko ni mo wà lọ́jọ́ tó lọ. Kí n tó dé, ó ti wọ ọkọ̀ padà síbi tí gbogbo èèyàn ti ń sá bọ̀. Ọ̀já rẹ̀ tó fọ̀ wà lórí àpáta, ó ti gbẹ.

A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Títí dòní.

Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́ fún ìyá ọkọ mi. Kò nà mí. Ì bá nà mí! Ó ní, “Láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa túfọ̀ nínú agbo ilé yìí. Ẹnu tó fi ìyè purọ́ ni yóò máa sọ òtítọ́ ikú.” N kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Rozalí ní kí n dúró, kí òun fọn imú. Mo ti dúró.

Ó ti ṣe tán. Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe.

Èkíní. Má tún sọ fún un pé kò sí kọnẹ́síọ̀n. “Ó ń bọ̀” tèmi lo ń fi Faransé sọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí irọ́ máa ti pa lọ́nà kí ọjọ́ kan náà tó dé.

Èkejì. O ní ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, àti pé orúkọ kejì tó bẹ̀ ọ́ kó o kọ́ òun ni Adamu. Ṣé o ti ro ìyẹn dé ìsàlẹ̀? Bí ó bá ṣí àpótí yẹn, kò ní lè ka nǹkan mìíràn, orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló máa dá mọ̀. Yóò rò pé ọmọ òun ló kọ̀wé. Yóò dìde láàárín kíláàsì, yóò yọ̀, yóò pe àwọn yòókù, wọn á bá a yọ̀. Mo ti rí ijó yẹn, Filò. Má jẹ́ kó jó o. Bí o bá sì pa lẹ́tà náà rẹ́, ijó náà ni, ó kàn máa gùn jù ni: yóò máa ṣí àpótí òfìfo lójoojúmọ́ títí yóò fi kú, tàbí kó lọ wá a bíi Sẹ́tù. Wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú ó sàn ju kó sọnù lọ. Ikú ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà yẹn. Ìwọ lo fẹ́ sọ ọ́ di sísọnù.

Ẹ̀kẹta. Kì í ṣe nínú kíláàsì. Kì í ṣe nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í bèèrè bóyá o ti jẹun, kì í wò ó bóyá ọmọ wà lẹ́yìn rẹ. Lọ sí ibi tó ń gbé láàárọ̀. Dúró kó jẹun tán, torí oúnjẹ yẹn lèyí tó máa rí jẹ fún ìgbà díẹ̀. Bí iná bá wà nítòsí, pa á. Bí ó bá ń gé nǹkan, gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ní o fẹ́ bá a gé e. Bí ó bá gbé ọmọ, jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á. Kó jókòó sílẹ̀, kò gbọdọ̀ wà lórí àga.

Má dá lọ. Wá obìnrin àgbàlagbà kan láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀, kó jókòó sẹ́yìn Hawa. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀, èmi tó ń lọ mísà ò mọ̀ ọ́n. Àgbà yẹn á mọ̀ ọ́n.

Má rẹ́rìn-ín wọlé. Ìwọ tó o jọ mí yìí, o kò mọ̀ pé o máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́.

Èyí tó kàn, mélòó ni mo kà dé? Rozalí ní mẹ́ta. Ó dà bíi pé mo ti sọ mẹ́fà. Kó jẹ́ ẹ̀kẹrin. Sọ ọ́ tààrà. Láàárín ara wa, à ń yí ikú po: a ó ní àgbà ti sùn, a ó ní erin ti wó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún àjèjì kan tó ń ṣiṣẹ́ lóko ní Tré. Mo ní, “Bàbá rẹ ti relé.” Inú rẹ̀ dùn, ó bi mí pé ọkọ̀ wo ló wọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa bàbá yẹn kó tó kú. Ìwọ ní, “Hawa, Adamu ti kú.” Kí orúkọ wà níbẹ̀. Kí kíkú wà níbẹ̀. Kó o wá dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí mo lè kọ́ ọ. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà ọ̀dọ́, kò rọrùn sí i lọ́jọ́ kan rí. Ẹni tó bá ní ó ń rọrùn, kò fọwọ́ kan ènìyàn níbẹ̀. Yóò bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, ìdáhùn kan náà ni kó o máa fún un. Má fi nǹkan kún un. Má sọ pé kò jìyà bí o kò bá mọ̀.

Yóò sì bi ọ́ pé, “Ọjọ́ wo lo ti mọ̀?” Èyí ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù lọ, mo mọ̀. O kò sọ ọ́ lórí pọ́tábù, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ. Sọ ọjọ́ náà fún un. Sọ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá gbá ọ létí, dúró. Bí ó bá ní òun ò fẹ́ rí ọ mọ́, jáde kó o jókòó síta, má lọ jìnnà. Ó lè kórìíra rẹ títí ayé. Gbà á bẹ́ẹ̀. Sẹ́tù kò rí ààyè kórìíra mi. Bí ó bá kórìíra mi ni, ǹ bá mọ ibi tó wà.

Nígbà tó bá yá, tó bá ti lè kàwé dáadáa, fi lẹ́tà náà hàn án. Òun ló ni ín. Kó kà á fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí wà nínú rẹ̀.

O tún ní o fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó o máa bọ̀ wálé, pé ọ̀nà tí ẹkún ń gbà bá wọn lo ń kọ́ wọn. N kò ní purọ́ fún ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. N kò rò pé òdínátọ̀ máa dá ilé kan padà fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn ìyá ìyá wa tí ogun lé gun òkè yìí rò pé àwọn á lo ẹ̀ẹ̀rùn kan ni. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń lọ ọkà òòjọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbẹ́ ihò. Wo bí ihò náà ṣe jìn tó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pẹ́ tó, kò sì sẹ́ni tó gòkè wá sọ fún wọn bí àwọn tó kù sísàlẹ̀ ṣe kú. Àwọn tí ẹ wà pẹ̀lú wọn náà lè pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tó dùn fún ọ níbí yìí, mo wá a, n kò rí i. Bí o bá fẹ́ bọ̀, máa bọ̀, ẹní rẹ wà. Ṣùgbọ́n sọ fún Hawa kó o tó wọ ọkọ̀.

Èmi ni ì bá wá. Rozalí ló mọ iye ìgbà tí mo ti dìde láti àárọ̀ láti wò ó bóyá orúnkún yìí á gbà. Kò gbà. Nítorí náà, ìwọ ló kàn, àbíkẹ́yìn mi, ìwọ tí mo rò pé mo rán lọ sílé-ìwé kó má baà kàn ọ́.

Ìka mi ló wà nísàlẹ̀ yìí. Rozalí fi yíǹkì bíìkì kùn ún kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì ti fi kan aṣọ funfun mi, baba rẹ̀ ló máa fọ̀ ọ́.

Aṣọ pélébé tó o bá nínú àpò iṣu, má fi nu ọwọ́. Ọ̀já Sẹ́tù ni. N kò fi pọn ọ̀kankan nínú yín rí, n kò sì lè sọ ọ́ nù. Àwa kì í jẹ́ kí ìyá tó ń gbọ́ ikú ọmọ wà láì di ìdí, torí inú rẹ̀ máa ń fẹ́ já. Bí ó bá ti jókòó sílẹ̀, tí àgbà ti wà lẹ́yìn rẹ̀, fi dì í ní ìbàdí, kó o so ó le. Yóò wo ojú rẹ. Yóò ti mọ̀.

Síbẹ̀, sọ ọ́.